Agnes Kọ́ Ló Fọwọ́ Síwèé

Ilé Sàlàkọ́,
Ẹ̀yìn Gáréèjì,
Ìkòròdú.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Agnes, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Mo kí ọ, mo kí Moyọ̀sọ́rẹ ọmọ rẹ, mo sì kí ọmọ rẹ̀ tí mo gbọ́ pé ó ti ń dìde dúró báyìí. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìdúró, kó má bá yín lórí ìdùbúlẹ̀. Ní tèmi, ara mi le. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó máa ń wú nígbà tí à ń dúró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ kò wú mọ́, àfi bí òjò bá ṣú.

Ìwé ni mo kọ nítorí pé fóònù rẹ kò gbà mí láyè mọ́. Ó ti lé ní oṣù mẹ́wàá tí mo ti ń pè ọ́, obìnrin inú fóònù yẹn ló ń dá mi lóhùn. Mo mọ̀ pé ńṣe lo ti nọ́ńbà mi pa. N kò bínú sí ọ, ẹnu mi ló fà á. Mojúbàolú tó ń wakọ̀ láti Gáréèjì lọ sí Ẹ̀pẹ́ ni mo fi rán, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má kúrò níwájú rẹ títí o fi máa já a. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ wa ni. Má fà á ya. Gbọ́ ọ dé ìsàlẹ̀, nítorí ohun kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ tìrẹ, ó sì ní ọjọ́.

Mo mọ̀ pé ojú rẹ kò fẹ́ràn lẹ́tà wẹ́wẹ́, Moyọ̀sọ́rẹ ni yóò kà á fún ọ. Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ mi, ìyá rẹ kò sọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ rí, jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti ìyá rẹ fi ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe abọ́ ike àti àga ike nínú ọgbà àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Ìkòròdú níbí. Ọ̀gbẹ́ni Ọláògún ló kó wa wọbẹ̀, agbaṣẹ́ṣe tó ń wá òṣìṣẹ́ fún wọn. Òun ni ilé-iṣẹ́ ń san owó wa fún, òun á bu tirẹ̀, ìyókù á wá kàn wá. Ọkùnrin kúkurú ni, oníkùn bẹ̀ǹbẹ̀, lọ́fínńdà rẹ̀ á ti dé ọ̀dọ̀ rẹ kí òun fúnra rẹ̀ tó yọjú.

Òfin sọ pé bí èèyàn bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, dandan ni kí wọ́n fún un níwèé tó sọ iye tó ń gbà àti ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọláògún mọ òfin yìí ju bó ṣe mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa ré oṣù mẹ́ta kọjá. Ní ọjọ́ Ẹtì tó bá gbẹ̀yìn oṣù kẹta, yóò gba káàdì ọrùn wa. Ní ọjọ́ Ajé, yóò kó fọ́ọ̀mù tuntun dé pẹ̀lú orúkọ tuntun, àwa kan náà á sì tò wọlé bí àlejò. Ìkómọ ni àwa obìnrin ń pè é. Bí oṣù bá ti ń lọ sópin, ẹnìkan á ní, "Ẹ múra o, ìkómọ ku ọ̀la." Kò sí oyin níbẹ̀, kò sí iyọ̀, kò sì sí ẹni tó bi ọ́ bóyá orúkọ náà wù ọ́. Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ta ni Ọláògún fẹ́ wo ilé rẹ̀? Èmi Fàlílátù, ọmọ Sàlàkọ́, mo ti jẹ́ Hanifah, mo ti jẹ́ Ọ̀rẹ́olúwa, mo ti jẹ́ Ìyìnolúwa. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi jẹ́ Mùsílíù, nítorí pé orúkọ obìnrin tán lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ojoojúmọ́ ni mánéjà ń kọjá níwájú mi, kò bèèrè rí pé irú Mùsílíù wo ló ń wé gèlè. Agnes, Tóyìn Ògúnwálé ni wọ́n sọ ìwọ kẹ́yìn. Má gbàgbé orúkọ yẹn, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

A máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn títí dòní. A rò pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kan lásán ni, pé bí owó bá ti wọlé lópin oṣù, kí ni tiwa nínú orúkọ. A ò mọ̀ pé ọdún wa ló ń kó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ìjọba kéde lọ́dún tó kọjá pé owó oṣù òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ dín ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin náírà, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni à ń gbà. Àwa mẹ́sàn-án lọ bá Ọláògún lọ́fíìsì. Ẹ̀pà ló ń jẹ. Kò tilẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó ní, "Ẹ̀yin màmá wọ̀nyí, káṣúà ni yín. Káṣúà kì í ṣe sítáàfù. Ìjọba ò mọ̀ yín rí." Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó gba káàdì. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó kó àwọn ẹlòmíràn wọlé, ìkómọ kò sì kan àwa mẹ́sàn-án mọ́. Èèpo ẹ̀pà tó dà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, Agnes, ìwọ lo gbá a kí a tó jáde. Mo rí ọ.

Báyìí la ṣe dé ọ̀dọ̀ Ìtẹ́olúwa, lọ́yà wa, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bá aláìní ro ẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. O rántí pé nígbà tí o kọ́kọ́ rí i, o rọra bi mí pé, "Ṣé ọmọ tín-ín-rín yìí ti jẹun lónìí?" Ọmọ tín-ín-rín yẹn ló pe ilé-iṣẹ́ náà àti Ọláògún lẹ́jọ́ pọ̀ níwájú ilé-ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Ó ní kí wọ́n san gbogbo ohun tí owó wa fi dín sí iye tí òfin sọ, kí wọ́n sì san owó bí wọ́n ṣe lé wa láìfún wa ní ìkìlọ̀.

Ìwé ìpẹ̀jọ́ dé ọwọ́ Ọláògún, ló bá di ẹni tó ń kí èèyàn nílé. Nínú oṣù Kejìlá, ó ń gbé àpò ìrẹsì kiri, àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà nínú àpòòwé, àti ìwé kan tó ní ẹni tó bá fọwọ́ sí i ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò sì ní ẹjọ́ kankan mọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó jókòó lórí àga ike tó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo fi ọ̀bẹ fá etí rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, ó wá ń bá mi sọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run." Mo ní, "Ọlọ́run kò jẹ mí ní gbèsè. Ìwọ lo jẹ mí." Mo mọ̀ọ́mọ̀ pè é ní ìwọ. Ó gbé ìrẹsì rẹ̀, ó lọ.

Láti ọ̀dọ̀ mi, ọ̀dọ̀ rẹ ló kọjá sí. Moyọ̀sọ́rẹ wà nílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti ní iṣẹ́ abẹ ni yóò fi bímọ, wọ́n sì ti dárúkọ owó. O fọwọ́ síwèé. Ìwọ àti àwọn méjì míì. N kò mọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ kankan nígbà náà, ìwọ náà kò sì sọ. Àpò ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà rẹ ni mo rí ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ojú mi sì ṣú. Mo pè ọ́ ní ẹni tó ta ọdún mọ́kànlá fún àpò ìrẹsì kan, mo sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo ayálégbé lè gbọ́. Nígbà tó di oṣù Kìíní, o ti kó lọ sí Ẹ̀pẹ́. Agnes, jọ̀wọ́, foríjì mí. Ẹni tí ẹ̀gàn tọ́ sí ti wa jíìpù rẹ̀ lọ, ìwọ tó wà nítòsí ni mo wá kó o lé lórí. Ó ń dùn mí.

Oṣù Karùn-ún la tó dé iwájú adájọ́. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà dìde, ọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ ń dún kó-kó-kó, ó ní kò sí Fàlílátù Sàlàkọ́ kankan nínú ìwé wọn rí, kò sí Agnes, kò sí ẹnì kankan nínú àwa mẹ́sàn-án. Ó gbé ìwé orúkọ ńlá jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Hanifah ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́ta, ó lọ. Ọ̀rẹ́olúwa ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́ta, ó lọ. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lé mi lọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìtẹ́olúwa rọra sọ̀rọ̀ sí mi létí, ó ní, "Mà, ṣé kò sí ìwé kankan, bó ti wù kó kéré, tó ní orúkọ yín gan-an?" Mo ní kò sí. Adájọ́ sún ẹjọ́ síwájú, ojú sì tì mí.

Ṣé o mọ ìṣó tó wà lára ògiri pálọ̀ mi? O máa ń bá mi wí pé n kì í yọ kàlẹ́ńdà àtijọ́, pé tuntun ni mo kàn ń kọ́ lé ògbólógbòó lórí lọ́dọọdún. Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo ń gbálẹ̀, ìṣó náà yọ, gbogbo rẹ̀ já lulẹ̀. Kàlẹ́ńdà Ọláògún mẹ́wàá.

O ti rántí báyìí. Ọjọ́ pẹ́ tí ọkùnrin yẹn ti ń lé oyè ìlú rẹ̀, ó sì fẹ́ kí àwọn afọbajẹ rí i pé òun ń bọ́ èèyàn. Gbogbo oṣù Kejìlá ló ń tò wá jọ fún fọ́tò. Òun á jókòó níwájú nínú agbádá, pẹ̀lú ìrùkẹ̀rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fún un, àwa á dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́. Òun náà ló ní kí wọ́n kọ orúkọ wa sísàlẹ̀ fọ́tò, orúkọ tí àwọn òbí wa sọ wá, nítorí pé ta ló fẹ́ mọ Mùsílíù nílé bàbá mi? Ó fẹ́ kí ẹbí wa ní Ìkòròdú, ní Agbówà àti ní Ẹ̀pẹ́ máa wo ògiri kí wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Wọ́n kọ ọ́ sókè gàdàgbà: "Ẹ kú ọdún, láti ọ̀dọ̀ Olóyè Ọláògún àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀." Olóyè tí ìlú kankan kò fi jẹ! Mo jókòó sílẹ̀ láàárín wọn, mo rẹ́rìn-ín títí aládùúgbò fi wá kanlẹ̀kùn bóyá ó sàn fún mi.

Oṣù Kẹsàn-án ni òun fúnra rẹ̀ wá jẹ́rìí. Ó di Bíbélì mú, ó búra. Ìtẹ́olúwa gbé kàlẹ́ńdà kan fún un, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló wọ agbádá yìí?" Inú rẹ̀ dùn! Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, Agnes, ńṣe ló tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Èmi ni." Ìtẹ́olúwa ní, "Àwọn tó dúró lẹ́yìn yín ńkọ́, sà?" Ọláògún ní àwọn ará àdúgbò tó wá kí òun kú ọdún ni. Ìtẹ́olúwa ní kó ka ohun tó wà lókè sí etí ilé-ẹjọ́. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó kà á: "àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀." Wọ́n tún gbé ti ọdún kejì fún un, ó kà á. Wọ́n gbé ti ọdún kẹta. Kí wọ́n tó dé ìkẹfà, akọ̀wé ilé-ẹjọ́ ti ní kó jọ̀ọ́ gbóhùn sókè. Nínú gbogbo wọn, mo wà lápá òsì, ìwọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ojú rẹ sì wà ní dídì bí ìṣe rẹ bí wọ́n bá ti fẹ́ ya fọ́tò.

Lọ́yà ilé-iṣẹ́ yára dìde. Ó ní bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, àwọn mẹ́ta nínú wa ti gbowó, wọ́n ti fọwọ́ síwèé, kí ilé-ẹjọ́ yọ wọ́n kúrò nínú ẹjọ́ náà. Ó kó ìwé mẹ́ta fún adájọ́. Mo mọ̀ pé ìwọ wà nínú àwọn mẹ́ta náà. Adájọ́ wa, obìnrin àgbàlagbà kan tí kì í kánjú, wọ awò ojú rẹ̀, ó wo èyí tó wà lókè, ó tún un wò. Ó wá bi Ọláògún pé, "Ta ni Tóyìn Ògúnwálé?"

Ṣé o rí ohun tó ṣe? Ọ̀lẹ ni ọkùnrin yẹn, Agnes. Kò lè jókòó kọ orúkọ èèyàn mẹ́ta bí Ọlọ́run ṣe dá wọn. Ìwé orúkọ rẹ̀ ló ṣí, orúkọ ìkómọ tó kẹ́yìn ló dà kọ sínú àwọn ìwé náà, ó ní kí o fọwọ́ sí i, ìwọ náà sì kọ Tóyìn síbẹ̀ bí o ṣe máa ń kọ ọ́, o ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Bó bá ní Tóyìn ni Agnes, ó ti jẹ́wọ́ pé òun ló ń pààrọ̀ orúkọ wa. Bó bá ní Tóyìn kì í ṣe Agnes, a jẹ́ pé Agnes kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Ó wo lọ́yà rẹ̀, lọ́yà rẹ̀ ń wo bàtà. Ó wá ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n, Olúwa mi." Ọkùnrin tó bá ọ jókòó, tó mú bírò fún ọ! Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní bí ẹni tó sanwó kò bá mọ ẹni tó san án fún, òun kò lè fi ìwé rẹ̀ gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, Agnes àti àwọn méjì yòókù sì wà nínú ẹjọ́ náà síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló dájọ́. Òṣìṣẹ́ ni wá, ó ní, òṣìṣẹ́ ni wá láti ọdún tí a ti wọbẹ̀. Kí ilé-iṣẹ́ àti Ọláògún para pọ̀ san ohun tí wọ́n jẹ wá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù yìí, ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, olúkúlùkù wa gbọ́dọ̀ dúró níwájú ilé-ẹjọ́, kó sọ orúkọ rẹ̀ àti iye ọdún tó fi ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè ṣírò tirẹ̀. Ẹni tí kò bá yọjú, wọn kò ní ṣírò fún un. Ilé-iṣẹ́ náà lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, Ìtẹ́olúwa ní ká má yọ̀ jù. Ní ti Ọláògún, wọ́n ti fi ẹlòmíràn jẹ oyè yẹn. Nígbà tí mo pàdé rẹ̀ ní Gáréèjì, ńṣe ló ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wá òjò. N kò kí i.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ báyìí. O ń wí pé o gba owó ọkùnrin náà, ojú wo lo fẹ́ gbé wá. Mo bi Ìtẹ́olúwa. Ó ní kí o wá sọ òótọ́ bó ṣe rí: pé ìwọ ni Tóyìn, pé Ọláògún ló ní kí o máa jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé o gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta. Wọ́n lè yọ owó náà nínú tìrẹ. Jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Òun ló di Bíbélì mú tó purọ́, ìwọ kọ́. Owó yẹn ló sì jẹ́ kí Moyọ̀sọ́rẹ wà láyé kó máa ka lẹ́tà yìí. Bí mo bá wà nípò rẹ, bóyá mi ò ní dúró ka ìwé náà kí n tó fọwọ́ sí i.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, Agnes. Gbogbo ọjọ́ Ajé ìkómọ ni mo ń gbọ́ bí o ṣe ń jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tìrẹ, kíákíá, kí wọ́n má baà fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ. N kò gbọ́ ọ rí kí ẹni tó láṣẹ lórí wa pe orúkọ rẹ gan-an kí o sì dáhùn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, akọ̀wé yóò dìde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Tèmi ni yóò kọ́kọ́ pè, tìrẹ ló tẹ̀ lé e. Wọn yóò pe Agnes. Wá dáhùn.

Kí Ọlọ́run tó mọ wá lórúkọ kó tó dá wa má jẹ́ kí ọwọ́ wa kọ iṣẹ́ rere. Kí ọmọ tó ń dìde dúró yẹn rìn, kó rìn ire, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ ní orúkọ tí kò jẹ́. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ nídìí ẹ̀rọ, tí yóò dúró dè ọ́ ní Gáréèjì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ní agogo márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀,

Fàlílátù Sàlàkọ́.

Ohun tí mo gbàgbé: Má bẹ̀rù nítorí ìrẹsì. Nígbà tí Ìtẹ́olúwa bi í, Ọláògún tún búra pé òun kò fún ẹnikẹ́ni ní ìrẹsì rí láyé òun. Nítorí náà, àánú Ọlọ́run lẹ jẹ. Òkúta inú rẹ̀ nìkan ni ti Ọláògún.